Káàdì kan náà, ṣíìpù ọ̀tọ̀: báwo ni mo ṣe máa kọ́ káàdì ìbẹ̀rẹ̀ fún ìdíje póókà?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Birmingham ni mo ń gbé, mo sì máa ń ta póókà, Texas Hold'em (káàdì ìbẹ̀rẹ̀ méjì lọ́wọ́ kálukú, márùn-ún láàárín tábìlì fún gbogbo wa), ní kàsínò kan nítòsí ilé mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. £40 la fi ń wọlé. Ṣíìpù 20,000 ni wọ́n ń fún kálukú; blind, owó tipátipá tí ẹni méjì ń fi sílẹ̀ kí a tó pín káàdì (small blind àti big blind), ń bẹ̀rẹ̀ láti 100/200, ó sì ń gòkè ní ìṣẹ́jú 20-20. Ẹni tó bá wà ní big blind ló ń san ante, àfikún owó tipátipá, fún gbogbo tábìlì. Mo ti há ṣáàtì káàdì ìbẹ̀rẹ̀ kan sórí. Ní wákàtí méjì àkọ́kọ́, mo máa ń ṣe dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣíìpù mi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, mi ò sì mọ ibi tó ń gbà jáde. 6-6, 9-8 alámì kan náà (bíi pé ọkàn pupa ni méjèèjì) àti A-7 (A ni ace, káàdì tó ga jù) ló ń dà mí láàmú jù. Ní Sátidé tó kọjá, ó ku àwa mẹ́rin, ẹni mẹ́ta ni wọ́n máa san owó fún, £500, £300 àti £200, ṣíìpù wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó ṣíwájú mi lọ all-in, ó kó gbogbo ṣíìpù rẹ̀ sílẹ̀. Orí button (ìjókòó tó ṣáájú small blind) ni mo wà, mo fi A-Q bá a lọ, mo sì jáde lọ́wọ́ òfo. Ṣé mo ṣàṣìṣe ni? Ṣé ó wá di dandan kí n há ṣáàtì ọ̀tọ̀ sórí fún iye ṣíìpù kọ̀ọ̀kan?”

Àbúrò mi, o káre láé. Ìbéèrè méjì lo rò pé o bi mí, àmọ́ gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ní. O ka káàdì sí ohun tí iye rẹ̀ kì í yẹ̀: 6-6 dára, A-7 kò dára, ó parí. Ṣáàtì tí o há sórí ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣáàtì náà kò purọ́ o. Ẹni tó ní 100 big blind níwájú ni wọ́n ṣe é fún, ìwọ wá ń lò ó nígbà tí tìrẹ ku 12. Ọ̀nà tí káàdì fẹ́ gbà pawó fún ọ ló fún un ní iye, bí ṣíìpù bá sì ṣe ń kéré sí blind, ọ̀nà kan ń dí, òmíràn ń ṣí. Tí o bá ti mọ ọ̀nà wọ̀nyẹn, ṣáàtì á kàn máa rán ọ létí ni, kò ní jẹ́ ọ̀gá lé ọ lórí mọ́.

Jẹ́ ká ti orí ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Tí blind bá wà ní 100/200, ṣíìpù 20,000 rẹ jẹ́ 100 big blind. Ká ní o kò jẹ ẹyọ kan, o kò sì pàdánù ẹyọ kan, nígbà tí blind bá fi máa dé 500/1,000, ṣíìpù kan náà ti di 20 big blind. Òkìtì tó wà níwájú rẹ kò yí padà lójú, ìdí nìyẹn tó fi ń tàn ọ́ jẹ. Ní ìpele yẹn, bí káàdì bá yí tábìlì po lẹ́ẹ̀kan, 2,500 ló máa gbà lọ́wọ́ rẹ: 500 ti small blind, 1,000 ti big blind, 1,000 ti ante. Pín 20,000 sí 2,500, yíyípo mẹ́jọ péré ló kù fún ọ tó o bá ń ju gbogbo káàdì nù. Paul Magriel, ògbóǹtarìgì nínú backgammon àti póókà, ló mú ìṣirò yìí wá, M ni wọ́n ń pè é. Dan Harrington, tó gba ìdíje àgbà World Series of Poker ní 1995, ló jẹ́ kó tàn káàkiri. Big blind lèmi máa ń kà nítorí ó yá jù. Èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì, kà á kó o tó gbójú wo káàdì rẹ. Ẹni tó bá ti rí A-J kó tó ka ṣíìpù, ọkàn rẹ̀ ti bá A-J lọ.

Ṣíìpù tìrẹ nìkan kọ́ lo sì máa kà. O lè ní 60 big blind, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé 9 àti 12 làwọn méjì tó kù lẹ́yìn rẹ ní, orí 12 lo ti ń ta, torí ohun tó pọ̀ jù tí o lè jẹ tàbí kí o pàdánù lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún pín káàdì nínú kàsínò kí èmi náà tó jókòó ta, ohun tí mo sì máa ń rí léraléra ni ẹni tí ṣíìpù rẹ̀ ga gègèrè, tó ń fi 8-7 ṣí owó, ìyẹn ni pé òun ló kọ́kọ́ gbé owó sókè, sójú ẹni tó ní 9 big blind. Ẹni yẹn á kó gbogbo tiẹ̀ lé e, ọlọ́rọ̀ wa á wá máa wo òrùlé. Tẹlifíṣọ̀n náà tún ń dá kún un. Ní ìdíje àgbà World Series ti 2019 ní Las Vegas, ṣíìpù 60,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní blind 100/200, ìyẹn 300 big blind, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń gba wákàtí méjì. Ẹni tó ń fi 7-5 ṣe fàájì níbẹ̀ ní àyè, ó sì ní àsìkò. Ìwọ kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, kàsínò rẹ fẹ́ ti ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Wo owó tó máa ń wà láàárín tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohunkóhun. Ní 100/200 pẹ̀lú ante 200, 500 ni. Tó o bá jí 500 yẹn nígbà tí o ní 20,000, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lo fi kún ṣíìpù rẹ. Ní 500/1,000, owó àárín ti di 2,500. Tí ìwọ tí o ní 10,000 bá lọ all-in, tí gbogbo wọn sì sá, o ti di 12,500: ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, láìjẹ́ pé káàdì kan jáde sáàárín tábìlì. Bí ọpọ́n ayò ṣe rí náà nìyẹn. Nígbà tí ọmọ ayò ṣì kún ojú ilé, o lè máa rọra kó odù jọ. Tó bá ku ọmọ péréte, tó o ṣì ń kó odù, méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n á fi jẹ ọ́ tán. Ṣíìpù púpọ̀ ń wá káàdì tó lè di ńlá. Ṣíìpù kékeré ń wá káàdì tó lè lé àwọn èèyàn sá, tí kò sì ní kú pátápátá tí wọn ò bá sá.

Ó yá, ká mú 9-8 alámì kan náà. Ní 80 sí 100 big blind, ìfarapamọ́ ló fi ń pawó. Tí 10-7-6 bá jáde, o ti ní straight, káàdì márùn-ún tó tẹ̀ léra, ẹni tó di A-A mú kò sì ní fẹ́ gbà. 500 lo fi wọlé, o lè kó 20,000 jáde. Tí kò bá bọ́ sí i, o jù ú nù, ẹ̀mí ṣì wà. Àmọ́ má gba àmì kan náà gbọ́ jù. Kí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú àmì rẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ohun tí àmì kan náà sì ń fi kún káàdì méjì, bí ẹ bá ṣí káàdì délẹ̀, kò ju nǹkan bí 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Owó tó wà lẹ́yìn ló ń sọ ìwọ̀nba yẹn di ọ̀pọ̀, ní 15 big blind kò sì sí owó kankan lẹ́yìn. Tí ẹlòmíràn bá ti ṣí owó ní 2 big blind, tó o fi 9-8 bá a lọ, o ti ná 2 nínú 15 sórí ìrètí, bí ìrètí ọ̀hún bá tiẹ̀ wá ṣẹ, èrè rẹ̀ kéré. Jù ú nù. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn bá ti ju káàdì nù dé ọ̀dọ̀ rẹ lórí button, tí o sì ní 8 tàbí 9 big blind, 9-8 tún jí dìde nìyẹn. Kó gbogbo rẹ̀ lé e. Kódà tí ẹni tó ní A-K bá mú ọ, nǹkan bí ìgbà 4 nínú 10 lo máa jẹ ẹ́, torí káàdì yín ò kan ara wọn.

6-6 ńkọ́? Òun ló ń jẹ owó àwọn èèyàn jù, nítorí pé ìbejì dùn ún wò. Ọ̀nà tí ìbejì kékeré ń gbà pawó nígbà tí ṣíìpù pọ̀ ni kí 6 kẹta jáde, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́jọ àti ààbọ̀ nìyẹn sì ń ṣẹlẹ̀ ní flop, káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tó ń jáde sáàárín. Ìgbà tó kù, Q-10-4 ló máa jáde, o ò sì ní mọ ibi tí o dúró sí. Fún ìdí èyí, àwọn àgbà inú eré yìí máa ń fẹ́ kí ṣíìpù tó wà lẹ́yìn tó ìlọ́po 15 sí 20 ohun tí wọ́n fẹ́ san. Ní 100 big blind, o san 500, 19,500 wà lẹ́yìn: ìlọ́po 39, san án láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní 15 big blind, o san 2,000, 13,000 ló wà lẹ́yìn: ìlọ́po 6 àti ààbọ̀. Kódà tó o bá ka owó àárín mọ́ ọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbà tí 6 bá jáde ni wàá ní láti gba gbogbo ṣíìpù ẹni yẹn kó tó tọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà púpọ̀ ni kò ní rí nǹkan kan, tí á sì sá. Nítorí náà, sísan owó láti lọ wo flop, tó jẹ́ ohun tó dára jù ní ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́, ló burú jù lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Ní 12 sí 15 big blind, méjì ni ọ̀nà 6-6: kó gbogbo rẹ̀ lé e tàbí kí o jù ú nù. Lójú A-K, ó fi díẹ̀ lé ní ìdajì. Lójú 9-9, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún ló kù fún un. Tó o bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé, agbára lílé wọn sá wà lọ́wọ́ rẹ. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó wà ní ìjókòó iwájú pátápátá, tí kì í ṣeré, ló ti lọ all-in, agbára yẹn ti kúrò lọ́wọ́ rẹ.

A-7 alámì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òdìkejì wọn. Pẹ̀lú ṣíìpù púpọ̀, ìdẹkùn ni. Tí A bá jáde láàárín, tí ẹnì kan sì fẹ́ bá ọ fi owó ńlá sílẹ̀, kí lo rò pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀? A-K, A-Q, A-J. Lójú A-K, nǹkan bí ìgbà kan nínú mẹ́rin ni A-7 ń jẹ. Pẹ̀lú 10 big blind lórí button, gbogbo rẹ̀ yí padà. Àkọ́kọ́, A tó wà lọ́wọ́ rẹ kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn: ọ̀nà mẹ́fà ni A-A lè gbà wà tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́ta; ọ̀nà 16 ni A-K ní, ó ti di 12. Ìkejì, tí K-Q bá mú ọ, ìwọ lo wà lókè, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6 nínú 10. Àmọ́ ṣọ́ra o: káàdì tí a fi ń lọ all-in kọ́ la fi ń san all-in ẹlòmíràn. Ẹni tó lọ ní ọ̀nà méjì tó lè gbà jẹ, ẹni tó ń san ní ẹyọ kan. Ìṣirò ẹni tó ń san kò le. Tó o bá wà ní big blind ní 500/1,000, tí small blind fi 10,000 lé ọ, 12,000 ló wà nílẹ̀, 9,000 ni wàá fi kún un: 9 nínú 21, ìyẹn ni pé o gbọ́dọ̀ máa jẹ tó nǹkan bí ìgbà 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Lójú small blind tó ń lọ pẹ̀lú ohun tó ju ìdajì káàdì lọ, A-7 tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú ẹni tó lọ láti ìjókòó àkọ́kọ́, kò tó.

Àárín méjèèjì, láti 20 sí 40 big blind, ni mo rò pé wọ́n ti ń jẹ ọ́ jù, nítorí ó jọ ìbẹ̀rẹ̀ lójú, kò sì jọ ọ́ nínú. Káàdì ńlá méjì àti ìbejì àárín ló ń níyì níbẹ̀, àwọn 9-8 sì ti ń rẹlẹ̀. Má ṣí owó ní 3 big blind mọ́. 2 tàbí díẹ̀ lé ní 2 tó, torí wọ́n lè fi all-in dá ọ lóhùn, kí o má baà fi ohun púpọ̀ sílẹ̀ sá. Ohun ìjà tìrẹ náà nìyẹn. Ká ní o ní 20,000 ní 500/1,000, tí ẹni tó wà lórí button ṣí owó ní 2,200. Owó àárín ti di 4,700. Tó o bá fi all-in dá a lóhùn, tó sì sá, o ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin kún ohun tí o ní. A-5 alámì kan náà wà fún irú iṣẹ́ yìí ju K-J lọ, nítorí A ń dín káàdì tó lè mú ọ kù, tí wọ́n bá sì mú ọ, ó ṣì lè di straight tàbí flush, káàdì márùn-ún alámì kan náà. K-J tó rẹwà lójú, A-K, A-J àti K-Q ló sábà máa ń mú un, gbogbo wọn ló sì jù ú lọ.

Ṣé kó o wá há ṣáàtì mẹ́wàá sórí? Rárá. Oríṣi káàdì ìbẹ̀rẹ̀ 169 ló wà. Tó o bá ní kí o há wọn sórí fún ìjókòó mẹ́sàn-án lójú iye ṣíìpù méje, orí á fọ́. Ìmọ̀ràn mi, tí àwọn kan kò ní gbà pẹ̀lú mi, ni kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, láti 12 big blind sísàlẹ̀, kí o tó gòkè wá. Ibẹ̀ ni ìdíje oníṣẹ́jú 20 rẹ ti ń parí lọ́pọ̀ ìgbà, ìpinnu méjì péré ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà sì lè ṣírò wọn dé ojú ìlà. HoldemResources Calculator àti ICMIZER ń ṣe é dáadáa. GTO Wizard ní ti ṣíìpù tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má há odindi rẹ̀ sórí, ààlà ni kí o há: kí ni A tó kéré jù tí mo lè fi lọ all-in lórí button ní 10 big blind? Ìbejì tó kéré jù láti ìjókòó àkọ́kọ́ ńkọ́? Ohun tó bá wà lókè ààlà, o ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn Sátidé kọ̀ọ̀kan, kọ káàdì bíi mélòó kan sílẹ̀, ìjókòó rẹ, iye big blind ẹni tí tiẹ̀ kéré jù nínú ẹ̀yin méjì, àti ohun tí àwọn tó ṣíwájú rẹ ṣe. Kọ ohun tí ìwọ rò sílẹ̀ kí o tó bi kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo ìdáhùn, ojú lásán ló fi ń kàwé.

Kọ̀ǹpútà náà ní ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ mọ. Ó gbà pé ẹni tó wà lójú kejì ń ta bíi tirẹ̀. Ní kàsínò àdúgbò, àwọn èèyàn ti wakọ̀ wá, wọ́n ti ra ọtí, wọn ò wá ju káàdì nù. Q-9 á san all-in rẹ pẹ̀lú ẹ̀rín. Lójú irú wọn, dín 9-8 kù nínú ohun tí o ń fi lọ, kí o sì gbára lé A àti ìbejì. Lójú bàbá àgbà tí kò tíì gbé owó sókè láti wákàtí kan, ṣe òdìkejì rẹ̀: jí blind rẹ̀ láìbẹ̀rù, tó bá sì dá ọ lóhùn, gbà pé ó ní nǹkan lọ́wọ́.

Ó wá ku A-Q rẹ. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ ka ṣíìpù sí owó, nítòsí ẹ̀bùn sì rèé, ṣíìpù kì í ṣe owó mọ́. Ẹni mẹ́rin, ṣíìpù dọ́gba, £1,000 ni gbogbo ẹ̀bùn: ìpín rẹ jẹ́ £250. Tó o bá jẹ all-in yẹn, ìdajì ṣíìpù á wà lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n ìpín rẹ kò ní di £500, nítorí pé £500 ni ẹni àkọ́kọ́ pàápàá ń gbà, o ò sì tíì di ẹni àkọ́kọ́. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní ICM, tó ń sọ iye ṣíìpù di ìpín nínú owó ẹ̀bùn, èyí tí Mason Malmuth gbé wọ inú póókà ní 1987, tí ọgbọ́n rẹ̀ sì bá ti David Harville lórí eré ẹṣin ní 1973 mu, fi hàn pé nǹkan bí £383 ló máa jẹ́. O fi £250 sílẹ̀ láti di £383: o gbọ́dọ̀ máa jẹ tó ìgbà 65 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó tọ́. A-Q alámì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ẹni tí kò tiẹ̀ wo káàdì rẹ̀ rárá ń jẹ nǹkan bí ìgbà 64. Owó blind tó wà láàárín á fa 65 yẹn wálẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹni méjì ṣì wà lẹ́yìn rẹ tí wọ́n lè jí dìde, ẹni tó lọ náà sì wo káàdì rẹ̀ dájúdájú. Bẹ́ẹ̀ ni, o ṣàṣìṣe. A-Q yẹn, ṣe lo yẹ kí o jù ú nù. Ká ní ìwọ lo wà ní ìjókòó tó ṣíwájú, tí kò sí ẹni tó tíì wọlé, A-Q kan náà ni ǹ bá ní kí o fi lọ all-in.

Ohun méjì ni mi ò fọwọ́ kàn. Ìdíje tí wọ́n ti ń san owó lórí ẹni tí o bá lé jáde ní ìṣirò tirẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ kí o lè fi káàdì tó rẹlẹ̀ díẹ̀ san all-in. Ìkejì ni pé ìmọ̀ káàdì ìbẹ̀rẹ̀ kò lè dá owó ìwọlé padà fún ọ ní oṣù yìí tàbí oṣù tó ń bọ̀. Ìwọ̀nba ni wọ́n ń san owó fún nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta náà sì máa ń jáde lọ́wọ́ òfo lọ́pọ̀ Sátidé. £40 tí o ń fi wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ £40 tí kò sí lára owó ilé. Tó bá ti wọ inú owó ilé, pa ṣáàtì tì, kí o pe GamCare, àjọ tó ń ran àwọn tí tẹ́tẹ́ ti di ìṣòro fún lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbọ́ èèyàn.